Omi Inú Fọ́tò Lará

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù Karùn-ún, 2025

Akíndélé, ẹni tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe, wá láti Cacaveli láàárọ̀ yìí. Ó fi bárẹ́tì méjì kún méjì tó wà nínú Òjòwú, kọ̀ǹpútà mi. Òun ló ṣàlàyé fún mi pé bárẹ́tì ni kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ ṣe máa yá tó. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ dúdú, àwọn tuntun pupa. Mo bi í bóyá kò burú pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ó ní bárẹ́tì ni bárẹ́tì.

Iṣẹ́ yá lóòótọ́. Fọ́tò ìgbéyàwó tó máa ń gba odidi ọ̀sán lọ́wọ́ mi, mi ò tíì fọ abọ́ tí mo fi jẹun tán tó fi parí. Òjòwú kò kùn rárá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Karùn-ún

Àlájì Sàlámì àti ìyàwó rẹ̀ wá sí ilé fọ́tò. Àwọn aláṣọ ọjà ńlá. Kò sí Yorùbá tó pẹ́ ní Lomé tí kò mọ̀ wọ́n. Ọmọ wọn ni Ọmọlará tí òkun gbé lọ lọ́jọ́ kìíní oṣù yìí, ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, nígbà tí òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣe irun lọ ṣeré létí òkun. Wọn ò rí òkú rẹ̀ dòní.

Àlájì fẹ́ fọ́tò ńlá fún fídáù. Ti ọjọ́ kẹjọ kò ṣeé ṣe, ìyàwó rẹ̀ kò gbà. Àlájì ní èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe. Bó ti ń sọ̀rọ̀, Ìyá Lará ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, "A kì í ṣe fídáù fún ẹni tó kàn pẹ́ kó tó wálé."

Káàdì inú fóònù ọmọ náà ni wọ́n mú wá. Báàgì rẹ̀ wà lórí iyanrìn, ìgbì kan gùn dé ibẹ̀. Fóònù ti kú. Káàdì ti ń dípẹtà létí. Mo nù ún, mo tì í bọnú Òjòwú, ó ṣí. Mo kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo tún un kì bọ̀ ọ́, kò ṣí mọ́. Mo gbìyànjú títí. Ó ti lọ.

Fọ́tò ìgbà kékeré nìkan ló wà nílé wọn. Èyí tó bá jẹ́ ti àgbà Lará, ọwọ́ mi ló wà báyìí. Ọwọ́ mi nìkan.

Àlájì mú ọ̀kan nínú wọn: èyí tí Prisca, ọ̀gá Lará níbi iṣẹ́ irun, fi fóònù Lará yà lọ́jọ́ náà gan-an. Ó dúró lórí iyanrìn, ó kẹ̀yìn sí òkun, ó fi ọwọ́ kan di ìbòrí rẹ̀ mú nítorí afẹ́fẹ́, bàtà wà lọ́wọ́ kejì. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Karùn-ún

Mo ṣí fọ́tò náà kí n tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe.

Ojú ọ̀run wà. Ìbòrí wà. Iwájú orí wà. Láti ìpéǹpéjú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, ó sì sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ohun téèyàn ń wò nísàlẹ̀ omi. Mo pa á dé kíá. Mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú fọ́tò yẹn. Mi ò tíì ṣe nǹkan kan fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù Karùn-ún

Mo pa Òjòwú, mo tún un tàn. Mo tún fọ́tò náà ṣí. Ojú méjèèjì ti wà. Imú wà. Omi náà — mo ti ń pè é ní omi — bẹ̀rẹ̀ láti ètè.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Karùn-ún

Òjòwú ń kú fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ á di búlúù, á kọ nǹkan tí mi ò lóye, á sì tún ara rẹ̀ tàn. Iná dúró dáadáa, kì í ṣe iná.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fọ́tò Lará ni ìyá rẹ̀ wọlé. Mi ò rí àyè pa á dé. Ó dúró lẹ́yìn mi. Ọrùn ni omi dé. Mo ń wí àwáwí, mo ní kọ̀ǹpútà ló ń ṣàìsàn, mo ní lọ́jọ́ Ẹtì gan-an ó burú jù báyìí lọ. Kí ló mú mi sọ ìyẹn?

Ó bi mí pé níbo ló dé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo fi ìka kan ìpéǹpéjú ara mi. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ńkọ́? Mo fi kan ètè. Ó wo fọ́tò náà, ó fa àga, ó jókòó tì mí.

"Omi ń fà," ó ní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Karùn-ún

Ìyá Lará tún wá. Èjìká.

Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù Karùn-ún

Akíndélé wá yẹ Òjòwú wò. Ó fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde. Ó wá kòkòrò fáírọ́ọ̀sì, kò rí. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó ń sọ fún mi lọ́wọ́ pé ó ti dáa ni Òjòwú kú mọ́ ọn lójú. Ó ní ó jọ pé ibi tó ń kó ẹrù pamọ́ sí ló ń jẹrà, kí n tètè kó àwọn nǹkan mi jáde.

Mo ti ń yẹ fọ́tò àwọn ẹlòmíì wò láti ọjọ́ Ajé. Àbùkù wà lára àwọn kan náà. Ti ìyàwó ọjọ́ Sátidé, ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ti di àwọ̀ pọ́pù. Ara mi fúyẹ́ díẹ̀, ẹ̀rọ ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n ti àwọn yòókù ń ṣe ségesège: òní lókè, ọ̀la nísàlẹ̀, ọ̀túnla kò sí. Ti Lará ìsàlẹ̀ nìkan ló ń lọ. Kò tíì gòkè padà rí.

Mi ò sọ èyí fún Akíndélé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù Karùn-ún

Prisca wá. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́. Mínà, èdè àwọn ará Lomé, ló ń sọ, ó ń fi Faransé kún un. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé fọ́tò tí òun yà ń yí padà. Mo fi hàn án. Àyà.

Ó ní kí n gbé e sórí fóònù òun, bóyá ibẹ̀ á fi hàn bó ṣe yẹ. Mo gbé e. Ó dé ibẹ̀ tòun tomi, àyà náà. Ó ní kí n pa á rẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ó jókòó pẹ́. Ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé mo bi í. Omi kò ju orúnkún lọ níbi tí Lará dúró sí. Lará ń bá a sọ̀rọ̀, ó ní kó bá òun wo bàtà òun. Prisca yíjú wo bàtà. Nígbà tó yíjú padà, omi ṣì wà ní orúnkún, Lará kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 26 oṣù Karùn-ún

Ìbàdí. Ìyá Lará ti ń mú oúnjẹ dání wá, á bù fún mi, a ó jọ jẹun níwájú Òjòwú. Èèyàn dáadáa ni. Ó ń bi mí nípa àwọn ọmọ mi. Ó ń rẹ́rìn-ín báyìí. Mo ń bẹ̀rù ẹ̀rín náà ju ẹkún lọ.

Nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń fọ ọwọ́. Bó bá jẹ́ pé fọ́tò náà ló bàjẹ́ níbi tí mo kó o pamọ́ sí, àbùkù kan náà ni mo yẹ kí n máa rí lójoojúmọ́. Ohun tó ti jẹrà kì í jẹrà síbòmíì lọ́la. Nígbà náà fọ́tò náà pé. Ibi tí Òjòwú ń tẹ́ ẹ sí nígbà tó bá fẹ́ fi hàn mí ni kò dáa.

Mo pe Akíndélé. Mo sọ ohun tí mo rò fún un. Ó ní, "Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ṣí, ẹ má ṣe ní kó fi pamọ́. Ẹ má tiẹ̀ dá a lóhùn tó bá bi yín." Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́rú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 oṣù Karùn-ún

Orúnkún. Ìyá Lará kàn ń mi orí.

Ọjọ́rú, 28 oṣù Karùn-ún

Òjò láti àárọ̀. Akíndélé mú ètò kan wá tó ń kọ nǹkan sínú bárẹ́tì, tí á sì bi í pé kí ni mo kọ. Ó yọ àwọn pupa, ó fi àwọn dúdú nìkan sílẹ̀. Gbogbo ìbéèrè ni wọ́n dáhùn. Ó yọ àwọn dúdú, ó fi àwọn pupa sí i. Àwọn náà dáhùn. Kò sí àṣìṣe kan.

Ó wá kó gbogbo wọn sí i pọ̀. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ìlà pupa kan yọ, òmíràn tẹ̀ lé e, títí ojú Òjòwú fi kún. Ohun tí wọ́n gbà sọ́wọ́ kọ́ ni wọ́n ń dá padà. Ó dín ìyára wọn kù, ìyẹn náà kò tán an.

"Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn," Akíndélé sọ. "Wọn ò kàn lè jọ gbé ni."

Ó bẹ̀ mí, ó ní òun kò rò ó dé ibẹ̀ rárá. Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó yọ àwọn pupa, mo fi ìwé ìròyìn wé wọn, mo sọ wọ́n sínú dúrọ́ọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù Karùn-ún

Fọ́tò náà pé. Láti ìbòrí dé ẹsẹ̀. Mo pa á dé, mo tún un ṣí, mo pa Òjòwú, mo tún un tàn, ó pé. Mo kó o síbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo tẹ èyí tó tóbi fún Àlájì. Mo kọrin lónìí.

Ìyá Lará dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Inú mi ń dùn, mo ní kó wá wò ó. Ibi tó kọ́kọ́ wò ni ẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. Kò sunkún. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Ó ti jáde," ó ní.

Ó ti lọ kó tó yé mi.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kẹfà

Àlájì wá ní òun nìkan. Ó ní ìyàwó òun ti sá bẹ́ẹ̀dì Lará sóòrùn. Ó ń bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n ti géètì mọ́, ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí, bí ọ̀kadà bá ti dúró á dìde. Ó ti sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ọmọ òun ń bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní bí Àlájì bá ṣe fídáù lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, òun máa fi ilé rẹ̀ sílẹ̀.

Àgbàlagbà ni Àlájì. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé itan. "Mosún, bá mi fi hàn án pé ẹ̀rọ ni. Mo bẹ̀ ọ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹfà

Mo lọ bá a nílé wọn ní Attiégou. Ẹnu ọ̀nà ló wà lóòótọ́. Mo ṣàlàyé ohun gbogbo: àwọn dúdú, àwọn pupa, bí wọn ò ṣe lè jọ gbé, bí fọ́tò náà kò ṣe fìgbà kankan yí padà. Ó gbọ́ mi tán. Kò bínú.

"Ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ, mi ò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló ń lọ, Mosún. Lójoojúmọ́. Ṣé bárẹ́tì mọ ìsàlẹ̀?"

Ó ní kí n jókòó jẹun.

Kí n tó lọ, mo ní kó wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá kó àwọn pupa padà síbẹ̀ lójú rẹ̀, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i bó ṣe ń ṣe é. Ó ní òun á wá. Ó ní kò sí ohun tí òun ń bẹ̀rù níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Kẹfà

Iléyá. Àlájì fi ẹran ránṣẹ́. Ó ní ìyàwó òun ti mú ti Lará sọ́tọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù Kẹfà

Àwọn méjèèjì wá. Mo tú Òjòwú lójú wọn, mo mú àwọn pupa jáde nínú dúrọ́ọ̀, mo fi wọ́n síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Mo tàn án. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ sílẹ̀: ẹ wo ti ìyàwó yìí, ẹ wo ti ìkómọ yìí, ẹ rí i pé ti gbogbo èèyàn ló ń bàjẹ́, kì í ṣe ti Lará nìkan.

Mo ṣí ti ìyàwó. Ó pé. Mo ṣí ti ìkómọ. Ó pé. Mo ń ṣí wọn lọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n pé, wọ́n mọ́ gaara, ẹsẹ̀ ọkọ ìyàwó wà níbi tí Ọlọ́run dá a sí. Òjòwú tí kì í lè dúró lọ́sàn-án kan kò tiẹ̀ kùn. Ìyá Lará ń wò mí tàánútàánú. Ó ti borí mi, ó sì mọ̀.

"Ṣí tèmi," ó ní.

Mo ṣí i.

Láti etí òkè pátápátá ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ojú ọ̀run. Kò sí ìbòrí. Àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tẹ́jú, kò sí ibi tí ojú lè dì mú. Bí ẹ ò bá mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀, ẹ ò lè mọ̀.

Àlájì gbé ojú kúrò. Èmi, àwọn ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀ ti fọ́nká. Mi ò sọ ẹyọ gbólóhùn kan nípa bárẹ́tì. Mi ò lè purọ́: ìdí tí mo fi pè é nìyí, kó lè rí i, ó sì ti rí i, síbẹ̀ ó wù mí kí n fi ara mi bo kọ̀ǹpútà náà.

Ìyá Lará wò ó pẹ́. Ó tú etí ìbòrí rẹ̀, ó fi nu ojú kọ̀ǹpútà, láti òkè wá sísàlẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn ń nu ojú ọmọ. Ó tún ìbòrí rẹ̀ wé. Ó dìde.

"Àlájì, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Àwọn alásè fídáù ń dúró. Ọ̀la ò jìnnà mọ́."

Ó gba fọ́tò ńlá náà lọ́wọ́ mi nínú àpò ìwé rẹ̀, kò ṣí i wò. Ó gbé e mọ́ àyà bó ṣe ń sọdá títì. Ọkọ rẹ̀ di apá rẹ̀ mú. Ìgbà yẹn ni ohùn ẹkún Ìyá Lará jáde, mo gbọ́ ọ láti inú ilé fọ́tò, gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ.

Mi ò yọ àwọn pupa kúrò lójú ẹsẹ̀. Mo jókòó, mo ń ṣí àwọn fọ́tò yòókù títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó lábùkù.

Lẹ́yìn náà mo yọ wọ́n, mo tan Òjòwú, mo ṣí ti Lará lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó di ìbòrí rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí iyanrìn gbígbẹ.