Ìka Tèmi Ni Mo Kọ́kọ́ Gún

Bàbá àwọn ọmọ,

Ẹ gbàgbé fóònù yín sílé, ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé yìí. Mo ti lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe àìsàn Ìyá yín ló gbé mi lọ, tèmi ni.

Láàárọ̀ yìí, Ìyá tún kọ̀ kí n gún ìka wọn fún àyẹ̀wò ṣúgà. Wọ́n ní, "Gún tìẹ ná, ká wò ó bóyá kò ní dùn ọ́." Mo bá gún tèmi. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa pé tó bá ti ju mẹ́wàá lọ, kò dáa. Tèmi jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Mo fọwọ́, mo tún un ṣe, kò yí padà. Ìyá wá jẹ́ kí n gún tiwọn, kò ju mẹ́fà lọ. Ìyá rẹ́rìn-ín títí. "Ọlọ́pàá oúnjẹ mi, ta ni yóò wá mú ọ báyìí?" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Òùngbẹ tó ń gbẹ mí láti oṣù méjì, ooru ni mo pè é.

Ẹ fún Ìyá ní oògùn wọn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo purọ́ fún wọn pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹ má tíì tú àṣírí mi fún wọn.

Nígbà tí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́ ìránṣọ, tí oyún àbíkẹ́yìn wa pé oṣù márùn-ún, mi ò sunkún. Nígbà tí òjò wó ògiri yàrá wa, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje, èmi ni mo ń ṣìpẹ̀ fún yín. Lónìí, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ tètè máa bọ̀.