Màmá Wa Marlys Hagedorn àti Ìpè Tó Ń Sọnù

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 1949, ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú Fergus Falls, Minnesota, ni a bí màmá wa sínú ìdílé Alvin Stenvold, tó ń sin màlúù fún wàrà, àti Ione aya rẹ̀. Màmá gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò ní 1971. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n bá Orrin Hagedorn, olùkọ́ orin, ṣe ìgbéyàwó.

Láti 1980 ni wọ́n ti ń bá ilé iṣẹ́ kan ní Saint Paul ṣiṣẹ́, èyí tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èémí aláìsàn. Ìpìlẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ náà ni màmá ń bójú tó. Bí ẹ̀yà ẹ̀rọ kan bá ní ìròyìn, yóò ké pe ètò yìí pé kó dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró, kó gbọ́ tòun. Iṣẹ́ màmá ni kí ìpè kankan má ṣe wà tí a kò jẹ́.

Ní 1994, nígbà àyẹ̀wò, ẹ̀rọ tuntun kan ń dákú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà èémí ojú rẹ̀ a dúró sójú kan. Bí aláìsàn bá dákẹ́ mímí lásìkò náà, ẹ̀rọ kò ní pariwo. Síbẹ̀, Royce Tillotson, ọ̀gá wọn, gbé ìwé ìyọ̀ǹda ka iwájú wọn, pé kí ẹ̀rọ náà máa lọ sí ilé ìwòsàn.

“Marlys, fọwọ́ sí i jàre. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, kò dákú.”

“Kò tíì dákú lójú ẹ ni. Mi ò fọwọ́ sí i.”

“Obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ kí gbogbo wa lọ jókòó sílé ni?”

Oṣù méje ni màmá fi wá ohun tó ń dá ẹ̀rọ náà kú. Wọ́n á kọ gbogbo ìpè tó wọlé sílẹ̀, wọ́n á kọ èyí tí a jẹ́, wọ́n á fi wéra, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Irun wọn funfun, ojú wọn jìn. Bàbá wa ló ń dá jẹun.

“Marlys, ó ti sú mi o,” ni bàbá wí lọ́jọ́ ìsinmi kan.

“Orrin, ó sú èmi náà.” Màmá sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní oṣù kọkànlá, wọ́n rí i. Ìpè kọ̀ọ̀kan a máa fi àmì sílẹ̀ pé òun dé; ẹ̀yìn ìgbà tí ètò bá jẹ́ ìpè náà tán ló tó ń nu àmì rẹ̀ rẹ́. Bí ìpè kejì bá bọ́ sáàárín, a nù ún mọ́ ti àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ó wá. Màmá pààrọ̀ ipò ìlà méjì nínú ètò náà, kó lè kọ́kọ́ nu àmì, kó tó jẹ́ ìpè.

“Ìlà méjì péré lo fi oṣù méje wá?” ni Tillotson bi wọ́n.

“Bẹ́ẹ̀ ni. Jẹ́ n máa lọlé.”

Ẹ̀rọ náà wọ ilé ìwòsàn, kò sì dákú mọ́. Ipò ọ̀gá tó ṣí sílẹ̀ lọ́dún náà, ẹlòmíràn ni wọ́n fún. Màmá ní kò sí agbára ìbínú lára àwọn mọ́.

Ogún ọdún ni wọ́n fi se kọfí fún ìjọ Luther àdúgbò wọn. Bàbá wa ṣáájú wọn lọ ní 2016. Màmá dákẹ́ lórí àga wọn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2023, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Wọ́n fi àwa ọmọ wọn, Karsten, Solveig àti Dwight, sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti Verna, àbúrò wọn.

Màmá, ẹ sùn re. Kí Ọlọ́run fún yín ní ìsinmi tí ẹ kò fún ara yín.