Pẹpẹ Àwọn Òpùrọ́ ní Àkúrẹ́

Ipogun,
Nítòsí Ìlárá-Mọ̀kín.

Yéjídé ọmọ mi, ìyá mi tó padà wá wò mí,

Bí ìwé yìí bá bá ọ ní òwúrọ̀, o káàárọ̀. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ tí o ti ilé ìwòsàn dé ni, o kú iṣẹ́, o kú ìnáwó lórí wa, Olúwa kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú àwọn aláìsàn Oǹdó kó àìsàn wálé. Ewúrẹ́ funfun ti bí ìbejì. Òjò ń rọ̀ dáadáa, ó ń rọ̀ wọ ilé ìdáná pàápàá, ṣùgbọ́n n kò tíì dé orí ìyẹn.

Ìyá rẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tí dókítà ti ní ojú rẹ̀ kò ní ríran mọ́, obìnrin tó máa ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo ìjọ á pa lọ́lọ́, kò fẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á kọjú sí ògiri. Bí mo bá gbé iyán síwájú rẹ̀, òkèlè méjì, ó ti yó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ fi wọ̀ mí lára nígbà tí o ní kí n lọ sí ilé ìtàwé ní Àkúrẹ́, kí n mú ìwé méjì, ọ̀kan àròsọ, ọ̀kan òótọ́, kí n máa kà á sí i létí.

Mo lọ, ọmọ mi. Ilé ìtàwé yẹn tutù bí inú odò, mo rò pé torí kí ìwé má baà bà jẹ́ ni, bí àwọn oníẹja ṣe ń ṣe, mo bá yára pa ilẹ̀kùn dé. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tiwaladé ló pàdé mi, ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín ìwé, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Mo ní ọmọ mi ti fi fóònù sanwó láti Oǹdó. Ó wo fóònù tirẹ̀, ó ní lóòótọ́ owó ti dé. Mo ní kó bá mi kí fóònù náà kú iṣẹ́, torí ọ̀nà náà kò kéré, kò sì fi ọwọ́ kan owó olówó.

Ó wá fi pẹpẹ hàn mí. Ó ní apá ọ̀tún ni àwọn ìwé òótọ́, apá òsì ni àròsọ, ohun tí ẹnì kan jókòó tó rò nínú ara rẹ̀. Mo bi í pé ṣé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í pé ṣé àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé kò ṣẹlẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n mọ̀. Yéjídé, ẹnu yà mí. Ní Ipogun níbí, òpùrọ́ máa ń sá pamọ́ ni. Ní Àkúrẹ́, wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà síwájú ìwé, wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ sẹ́yìn níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, pẹpẹ wọn sì gùn ju ti àwọn olóòótọ́ lọ. Èmi bàbá ìjọ, mo kọ́kọ́ dúró lápá ọ̀tún fún ìgbà díẹ̀ kí Ọlọ́run rí mi níbẹ̀, kí n tó kọjá sí òsì.

Bí mo ṣe ń yan iṣu ni mo ṣe yan ìwé. Mo gbé e wò bóyá ó wúwo, mo fi ìka kàn án lẹ́yìn, mo gbóòórùn rẹ̀. Lápá òótọ́, mo mú ìwé nípa sísin ìgbín, torí ó wúwo jù wọ́n lọ. Lápá àwọn òpùrọ́, mo mú ìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀, torí ojú ewé rẹ̀ ti rọ̀, ó hàn pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣí i wò. Iṣu tí gbogbo ọjà bá ń gbé wò kì í burú. Mo tún rí i pé gbogbo ìwé ló kọ ilà sẹ́yìn, ilà ọ̀kan kò sì jọ tèkejì. Tiwaladé tan iná pupa sí ilà náà, ẹ̀rọ dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Àwa ti pa ilà kíkọ tì, ìwé ṣì ń kọ ọ́ kí wọ́n má baà ṣìnà ilé bàbá wọn. Ó wú mi lórí gan-an.

Ìgbín ni mo kọ́kọ́ kà. Òótọ́ kún inú rẹ̀ bámúbámú, ṣùgbọ́n ìgbín kò yára, ìwé rẹ̀ náà kò yára. Kí n tó dé ibi oúnjẹ ìgbín, ìyá rẹ ti ń hanrun. Mo wá mú Bọ́sẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò, àwọn àbúrò ọkọ lé e jáde pẹ̀lú oyún. Ibi tí wọ́n ti da ẹrù rẹ̀ síta ni ìyá rẹ ti yíjú kúrò lára ògiri. Ó ní kí n tún un kà. Ó ní èyí tó dàgbà jù nínú wọn, òun mọ irú rẹ̀, Reuben àbúrò mi gẹ́lẹ́ ni. Ó ń bá Bọ́sẹ̀ wí pé kí ló dé tí kò gba ilé ìyá rẹ̀ lọ, ó sì jẹ iyán tán láì mọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi ó ní kí n mú òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi orúkọ Bọ́sẹ̀ sílẹ̀ fún àdúrà àwọn aboyún. Alùfáà wa bi mí lẹ́yìn ìsìn pé ilé wo ni arábìnrin náà ń gbé kí òun lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní ibẹ̀ jìn díẹ̀.

Ẹ̀rù wá ń bà mí pé ìwé ń tán. Mo ń kà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí epo ìgò rẹ̀ ti ku ìsàlẹ̀, síbẹ̀ ó tán. Bọ́sẹ̀ bímọ, ó pọ̀n ọ́n, ó wọ mọ́tò ní gáréèjì, ó parí. Ìyá rẹ ní kí n ka èyí tó kù. Mo ní kò kù mọ́. Ó rọra kọjú sí ògiri padà.

Èmi bàbá ìjọ yìí ni mo na ọwọ́ mú ìwé ìgbín, mo ṣí i kí ó gbọ́ ìró ewé rẹ̀, mo ní mo ṣì í pè ni, ó ku apá kejì. Mo ní Bọ́sẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní Àkúrẹ́, ó gba yàrá kan ní Ọ̀bà-Ilé, ó ń rán aṣọ. Àwòrán ìgbín ń wò mí, mo ń kà lọ. Láti ọjọ́ yẹn mo ti fún un ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti mú ọkọ rẹ̀ dé, mo sì ti jẹ́ kí ẹni tó dà bíi Reuben yẹn ṣubú sínú kòtò. Ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹun. Ọmọ mi, mo ti ṣẹ àwọn òpùrọ́ Àkúrẹ́. Iṣẹ́ wọn le ju oko lọ, Ọlọ́run yóò san án fún wọn.

Jọ̀wọ́ fi owó ránṣẹ́ sí Tiwaladé, sọ fún un pé pẹpẹ òsì ni, kí ó mú èyí tó gùn. Fi ti páànù ilé ìdáná kún un bí agbára bá ká a. Má jẹ́ kó pẹ́, irọ́ mi ti ń tán lọ, lánàá Bọ́sẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin ìgbín. Ọlọ́run tó ń bọ́ ẹyẹ oko yóò bọ́ ọ, ojú rẹ kò ní ṣókùnkùn, ọmọ tìrẹ náà yóò jókòó tì ọ́ lọ́jọ́ alẹ́.

Ìyá rẹ kí ọ. Nígbà tí mo parí kíkà lánàá, ó fi ọwọ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e wò bí a ṣe ń gbé iṣu, ó ní èyí mà wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dá a padà fún mi, ó ní kí n máa kà á lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adébùsóyè.