Àwọn Iṣu Tí Ẹ Ń Ṣí Fìlà Fún

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi o. Ẹ má fòyà, ayọ̀ ni mo fi ń kọ̀wé yìí. Ẹjọ́ kan ni mo fẹ́ rò fún yín. Èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rín ló ń pa mí bí mo ti ń rò ó.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi láti ilé-ìwé tẹ̀lé mi wá sóko wa ní Ìgbàrà-Odò? Ẹ wọ ọgbà iṣu bí ẹ ti máa ń ṣe: ẹ ṣí fìlà, ẹ kí àwọn iṣu, ẹ sì béèrè bóyá òjò àná kò pa wọ́n jù. Ẹ ké sí wọn lédè Èkìtì wa pé, “Uṣu mi, mo dé o!” Àwọn ọ̀rẹ́ mi yíjú wò mí. Mo ní lébìrà kan ló wà lẹ́yìn ọgbà tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí lébìrà kankan, Bàbá. Ojú ló tì mí. Ṣé ẹ gbọ́ mi lọ́jọ́ náà? Ẹ ò sọ ọ́ rí.

Mo ti di tíṣà Gẹ̀ẹ́sì báyìí, ní Ìkẹ́rẹ́. Ọnà èdè Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dójú tì mí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi há gbogbo ìtumọ̀ sórí bí ẹsẹ Bíbélì, ṣùgbọ́n nígbà ìdánwò, àpẹẹrẹ kan náà ni gbogbo wọn kọ, afẹ́fẹ́ tó ń sunkún, tí wọ́n rí nínú ìwé. Ọ̀gá ilé-ìwé ní òun á wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, bí kò bá sì yé wọn, òun á gbé kíláàsì náà fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ pé. Mo ṣí ìwé, àpẹẹrẹ tó kàn ni òjò dídì tó tẹ́ aṣọ funfun sórí òrùlé. Òjò dídì wo, ní Ìkẹ́rẹ́? Òógùn bò mí. Ni mo bá pa ìwé dé, mo sọ òtítọ́ nípa yín, látorí fìlà dórí lébìrà.

Bàbá, kíláàsì dàrú fún ẹ̀rín! Ẹ̀rín ò tíì rọlẹ̀ tí wọ́n ti ń nawọ́ sókè. Ọmọbìnrin kan ní ìyá àgbà òun máa ń bẹ epo orí iná kó má dójú ti òun. Òmíràn ní ìyàwó kejì ni bàbá òun ń pe ọ̀kadà rẹ̀, ó sì ń bá a jà tí kò bá fẹ́ jí láàárọ̀. Wọ́n ti ń fúnra wọn ya èyí tó sọ nǹkan di ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára àfiwé. Ọ̀gá ilé-ìwé nu omi ẹ̀rín lójú. Kíláàsì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, ẹ̀yin lẹ sì kọ́ wọn.

Ó ku ọnà èdè kan tí a ò tíì kọ́: kí ènìyàn máa bá ẹni tó ti kú tàbí tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀ bíi pé ó ń gbọ́. Lẹ́tà yìí ni mo máa kà fún wọn lọ́jọ́ Ajé.

Lánàá, mo lọ sóko yín, tí ẹ̀gbọ́n mi ń ro báyìí. Mo dé fìlà yín, ó ń bò mí lójú. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń kọjá, wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí. Mo ṣí fìlà. Mo kí àwọn iṣu pẹ̀lú ohùn òkè, mo sì ní ẹ̀yin lẹ ní kí n kí wọn.

Èmi ni,
ọmọ yín tí kò ní lébìrà kankan lẹ́yìn ọgbà mọ́.