Bí Mọ́tò Séverin Ṣe Jáde Lábẹ́ Igi Máńgòrò

                                        Ilé olóògbé Séverin,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Òkè, Lèma,
                                        Dassa-Zoumè.
                                        Ogúnjọ́, oṣù kẹjọ, ọdún 2024.

Ìyá Ràmọ́nù, ọ̀rẹ́ mi láti orí bẹ́ǹṣì ilé ìwé,

Mo kí ọ kú òjò, mo kí ọ kú ọjà, mo kí ọ kú àìgbúròó mi. Ṣé ara Bàbá Ràmọ́nù ti balẹ̀ báyìí? Orúnkún rẹ tó máa ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́ ńkọ́, ṣé ó gba òrí tí mo fi ránṣẹ́ nígbà ààwẹ̀? Ràmọ́nù àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tuntun wọn ńkọ́, ṣé ó ti ń jókòó? Àwa níbí wà láàyè, a sì ń jẹun. Ọrùn mi nìkan ló ń ro mí, ìwọ yóò sì mọ ìdí rẹ̀ kí o tó ka ìwé yìí tán. Iṣu tó wà nínú àpò tí awakọ̀ gbé fún ọ, má tíì bi mí nípa rẹ̀. Mo mọ̀ pé èèyàn kì í gbé iṣu lọ sí Parakou tó kún fún iṣu. Fara balẹ̀.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ fún ọ lórí tẹlifóònù, mo ṣírò rẹ̀, mo rí i pé owó orí fóònù mi yóò tán kí n tó débi tí ọ̀rọ̀ ti dùn. Bébà kì í gbowó ìṣẹ́jú.

Ìwọ náà mọ Mẹsẹ́díìsì Séverin. Òun ni ọ̀gá rẹ̀ tó ń ṣòwò òwú fi ta á lọ́rẹ nígbà tó fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn ọdún méjìlélógún tó fi wà á kiri. O rántí pé o ní kí n má gbàgbé àwọn tálákà. Ọdún mẹ́ta péré ni mo fi jẹ́ ìyàwó onímẹsẹ́díìsì. Lẹ́yìn náà ni mọ́tò dákẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò wa, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́rìnlá. Adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Igi ìbẹ́pẹ kan gba ìdí rẹ̀ wọlé, ó gba ibi ẹrù yọ orí síta, ó ń so. Táyà rì títí a ò fi rí ju ìdajì wọn lọ. Síbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, Séverin á wẹ̀, á dé fìlà, á lọ jókòó síbi ìjókòó awakọ̀, á gbé rédíò kékeré rẹ̀ lé itan, nítorí ti inú mọ́tò ti kú. Kò lọ síbì kankan. Èmi á wá ké láti ilé ìdáná pé bó bá ń bọ̀, kó bá mi ra iyọ̀ bọ̀. Á ní òun ti gbọ́.

Nígbà tí a ṣe mísà ọdún kejì rẹ̀ tán lóṣù kìíní, ẹbí jókòó láti pín ohun tó fi sílẹ̀. Òfin ilé wa kò le. Ohun tó bá fìdí múlẹ̀, bí ilé, bí ilẹ̀, bí igi, ti ẹbí ni. Ohun tó bá ń rìn, ti opó àti ọmọ ni. Àgùntàn ń rìn, mo gba àgùntàn. Kẹ̀kẹ́ ń rìn, mo gba kẹ̀kẹ́. Nígbà tó kan mọ́tò, ọkọ mi Gervais, àbúrò Séverin, nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé tó mọ ìdáhùn.

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ wò ó dáadáa. Ó ti ta gbòǹgbò, ó ń so èso. Kí ni ká pè é, mọ́tò ni àbí oko ìbẹ́pẹ?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó dùn mí. Gervais ti bá àwọn tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀ kó tó wá; páànù ilé rẹ̀ tuntun ló fẹ́ fi mọ́tò náà rà. Bàbá Bienvenu, àgbà ilé wa, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún tí kì í sì í yára sọ̀rọ̀, dìde, ó fi ọ̀pá gún táyà wò. Ó ní òun fún mi di Sátidé tó tẹ̀ lé àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà lóṣù kẹjọ. Bí mọ́tò bá dá jáde láti abẹ́ igi títí dé ìta ẹnu ọ̀nà, tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tì í, tí okùn kankan kò fà á, ó ń rìn nìyẹn, tèmi ni. Bí kò bá jáde, igi ni, kí Gervais gé e.

Má ṣe rò pé nítorí ìfẹ́ ni mo fi gbà o. Claudia ọmọ mi pè mí láti Kútọnu, ó ní àwọn ọlọ́rọ̀ ń wá irú mọ́tò àtijọ́ bẹ́ẹ̀ láti fi gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, owó ọjọ́ kan rẹ̀ ju èrè gàrí mi ti oṣù kan lọ. Òwò ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Mo lọ bá Ràsáàkì mẹkaníìkì ní oríta. Ó yí mọ́tò náà po lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó wá wo òkú, ó wá dá iye kan. Mo ní kó tún un sọ, torí mo rò pé iye ilé rẹ̀ ló ń sọ. Mo wá bi í pé èló ni ọmọṣẹ́ ń san láti kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó sọ ọ́. Kò tó ìdámẹ́wàá.

Mo ní, “Ó dáa. Iṣẹ́ ni mo wá kọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Màmá Claudia, ẹ̀yin tí ẹ ti hewú?” Mo ti ń tú owó kúrò létí aṣọ.

Báyìí ni èmi ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ṣe di ọmọṣẹ́. Àwọn mìíràn máa ń gbé ọtí sódábì wá fún ọ̀gá ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ràsáàkì kì í mu ọtí, mo gbé gàrí àti obì wá, ó dín owó kù. Láràárọ̀ ni mo ń gbá ilé iṣẹ́ kí n tó fọwọ́ kan irin. Ẹni tí mo bá ìyá rẹ̀ jó lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀ ni mo wá ń pè ní Pàtírọ̀n, ìyẹn ọ̀gá mi. Òun a máa pè mí ní Màmá nígbà tí nǹkan bá dára, àmọ́ bí sípánà bá ti jábọ́ lọ́wọ́ mi báyìí, mo ti di “Ọmọṣẹ́!” tí gbogbo oríta ń gbọ́.

Mo fi ọkọ́ hú táyà jáde bí ẹni ń hú ègé. Mo ká ìbẹ́pẹ méje kí n tó gé igi rẹ̀, mo tà á, òun ni mo fi ra sípánà tèmi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò. Ìdí nìyẹn tí ọrùn fi ń ro mí. Kábúrétọ̀, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, agbọ́n ti kọ́lé sí gbogbo ihò rẹ̀. Àwọn ọkùnrin máa ń bẹ̀rù rẹ̀. Èmi rí i pé kò yàtọ̀ sí iwe adìyẹ: ibi tó há jù ni ìdọ̀tí máa ń wà. Mo tú u sínú àwo, mo fi ìyẹ́ adìyẹ àti epo inú ìgò fọ̀ ọ́, mo tò ó padà. Pàtírọ̀n wò ó títí, ó ní kí n tún ilé iṣẹ́ gbá.

Mo ṣe àṣìṣe kan ṣá, bí mo bá sì fi pamọ́ fún ọ, ẹlòmíràn á sọ ọ́ fún ọ. Ìjókòó mọ́tò náà jẹ́ awọ pupa, ọyẹ́ ti là á bí gìgísẹ̀. Kí ni èèyàn ń fi sí gìgísẹ̀ tó là? Mo fi òrí igbá méjì pa á. Ìyá Ràmọ́nù, ó dán bí itan ọmọ tuntun! Lọ́jọ́ kejì, èèrà ti mọ ọ̀nà. Lọ́jọ́ kẹta, òbúkọ Gervais gba ojú fèrèsé wọlé, ó lá a, ó lá a, nígbà tí òrí tán kò mọ ibi tí òrí parí sí tí awọ ti bẹ̀rẹ̀, ó jẹ ìjókòó ẹ̀yìn dé irin. Mo pe Gervais wá. Ó wo òbúkọ, ó wò mí.

“Ìyàwó wa, ẹranko ni. Kò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ fara dà á.”

Mo fara dà á. Ọ̀rọ̀ náà ni mo fi pamọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé n kì í da nǹkan nù.

Nígbà tó di oṣù keje, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ó kọ́kọ́ pọ èéfín dúdú pẹ̀lú ìyẹ́ adìyẹ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó ku ìjánu. Pàtírọ̀n ní Kútọnu ló ti máa wá, iye rẹ̀ sì jẹ́ owó àpò gàrí mẹ́fà. Mo ṣírò. Bàbá Bienvenu ní kó jáde. Kò sẹ́ni tó ní kó dúró. Ìta ẹnu ọ̀nà wa tẹ́jú, mọ́tò tó bá dé ilẹ̀ tó tẹ́jú á dúró fúnra rẹ̀. Pàtírọ̀n ní, “Ọmọṣẹ́, ẹni tó ń ra bàtà kì í ra ẹsẹ̀ kan.” Mo ní ká ra ẹsẹ̀ kan yìí ná. Ní ti wíwà rẹ̀, Séverin ti kọ́ mi nígbà kan fún ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta lórí pápá bọ́ọ̀lù, títí mo fi wó òpó ilé gòólù. Ó ní ohun tí mo mọ̀ ti tó.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, Pàtírọ̀n gbé bátìrì kan wá yá mi, ó fi sí i, rédíò inú mọ́tò sì sọ̀rọ̀. Ó lọ sílé. Èmi ní kí n kàn nu gíláàsì. N kò mọ ohun tó mú mi jókòó. Ẹnìkan ń sọ iye tí wọ́n ń ta àgbàdo lórí rédíò, mo gbọ́ ọ tán. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo ń fẹ́ná, àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ síta pé kó bá mi ra iyọ̀ bọ̀. N kò padà lọ pa rédíò.

Ní Sátidé, gbogbo ẹbí pé, pẹ̀lú àwọn àlejò àjọ̀dún tó wọ̀ sílé wa. Àwọn oníirin àlòkù ti jókòó sórí ọkọ̀ wọn létí ọ̀nà. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́. Mo tún un yí. Ó dákẹ́.

Gervais ní, “Ìyàwó wa, ẹ bomi rin ín! Igi ń fẹ́ omi!” Ẹ̀rín sọ.

Pàtírọ̀n sún mọ́ fèrèsé. “Kí lẹ fi bátìrì ṣe?” Mo ní, “Rédíò.” Ó wo ojú mi, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

Mo ti rí i nílé iṣẹ́ pé mọ́tò tí bátìrì rẹ̀ ti kú, bó bá ti ń yí lọ, tí èèyàn sì fi í sí jíà kejì, tó wá ṣí ẹsẹ̀ òsì kúrò lórí kíláàṣì lójijì, ó lè jí. Wọ́n máa ń tì í ni. Èmi kò gbọdọ̀ rí ẹni tì í. Àmọ́ orí òkè la kọ́lé sí, Ìyá Ràmọ́nù. Òkúta méjì tí mo fi dá táyà dúró nìkan ló dá mọ́tò náà dúró.

Mo ní, “Bàbá, ẹni tó bá yọ òkúta kúrò níwájú rẹ̀, ṣé ó ti tì í nìyẹn?”

Bàbá Bienvenu fi ọ̀pá kan òkúta náà. “Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún àlejò kọ́ ló gbé e jáde.”

Pàtírọ̀n yọ òkúta. Mọ́tò rọra sún, ó sún sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Mo ṣí ẹsẹ̀. Ó ta mí síwájú, ó wúkọ́, ó bú ramúramù, rédíò náà sì lanu! A gba ẹnu ọ̀nà jáde, mo rí Bàbá Bienvenu tó ń fi ọ̀pá kí mi. Ìgbà náà ni mo rí àléébù ìṣirò mi. Mọ́tò tó kú ni ilẹ̀ títẹ́jú ń dá dúró. Èyí ti jí. Ó dá ọ̀nà kọjá, ó wọ oko iṣu Gervais, ó ń gba àárín ebè lọ bí ẹni tí wọ́n háyà. Mo tẹ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ní ebè kẹtàdínlógún, ó dúró, imú rẹ̀ nínú erùpẹ̀, ẹ́ńjìnnì ṣì ń kùn.

Gervais sáré dé, ọwọ́ lórí. “Iṣu mi! Ìyàwó wa, iṣu mi!”

Mo yọ orí lójú fèrèsé. “Ọkọ mi, mọ́tò ni. Kò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ fara dà á.”

Ó kọjú sí Bàbá Bienvenu tó ń tiro bọ̀. “Bàbá, òkè ló tì í! Òkè ló tì í!”

Bàbá ní, “Òkè ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, Gervais. Fún ọdún mẹ́rìnlá, kò tì í.” Ó dẹtí sí ẹ́ńjìnnì, ó mi orí. “Ti Ìyá Claudia ni. Òbúkọ jẹ ìjókòó, mọ́tò jẹ iṣu. Kí oníkálùkù gba ohun tí ẹran rẹ̀ jẹ.”

Mo kó iṣu. Mo fi ìdajì ránṣẹ́ sí ìyàwó Gervais, torí kò sí níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ páànù. Àwọn oníirin àlòkù náà ló fi ọkọ̀ wọn fa mọ́tò padà sábẹ́ igi máńgòrò. Mo ná owó rẹ̀ títí wọ́n fi kábàámọ̀ pé wọ́n wá. Ẹnìkan ti fẹ́ fi gbé ìyàwó lóṣù kejìlá. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ ra ẹsẹ̀ bàtà kejì. Ní báyìí ṣá, mo máa ń lọ yẹ bátìrì wò ní ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Bá mi kí Bàbá Ràmọ́nù, kí o sì fi ẹnu kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà fún mi. Pàtírọ̀n ní kí n kí ọ. Ó ní bí ọmọṣẹ́ arúgbó mìíràn bá wà ní Parakou, kí o má darí rẹ̀ sọ́dọ̀ òun.

Iṣu ọ̀hún rèé o. Bí o bá gbóòórùn epo mọ́tò lára ọ̀kan, bó èèpo rẹ̀ kó nípọn. Epo pupa wà nísàlẹ̀ àpò, ata gbígbẹ wà nínú ọ̀rá. Iyọ̀ nìkan ni n kò fi sí i. Mo ti rán Séverin.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbó,

Blandine, Ìyá Claudia,
ọmọṣẹ́ Ràsáàkì.