Àwọn Bàálù Kò Wá Mọ́

Ìyàwó mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ. Ara mi le koko. Ọwọ́ tí irin gé náà ti ń jinná, má ṣèyọnu.

Ọ̀rọ̀ kan wà ṣá. Àwọn bàálù akẹ́rù tí wọ́n ní a ó kó wá sí ibùdó ológun ìlú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ yẹn kò wá mọ́. Ọ̀gá wa pe gbogbo àwa mẹkáníìkì jọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó ní, "Ẹni tó bá ti kó ìyàwó àtọmọ lọ síbẹ̀, kó nawọ́." Àwa mọ́kànlá la nawọ́. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi náà ti kó tèmi lọ." Èmi tí mo ti fẹ́ bú u, èmi náà ni mo tún ń kí i pẹ̀lẹ́.

Wọ́n ní pápá ibẹ̀ kò gùn tó fún bàálù wa. Ṣé ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n ni? Ìwọ ti fiṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi! Mo kọ̀wé pé kí wọ́n gbé èmi nìkan wá. Wọ́n ní mẹkáníìkì kì í lọ síbi tí bàálù kò sí.

Sọ fún àbíkẹ́yìn wa pé mò ń bọ̀, ṣùgbọ́n má dá ọjọ́ fún un. Bá mi kí ìyá rẹ. Bá mi kí àwọn ará ilé tuntun yín, àwọn tí mi ò tíì mọ̀.

Èmi ni, ọkọ rẹ.