Mi Ò Tíì Dárí Ji Tísà

Ojúlé Kẹrìnlá, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Òpópónà Ilé Ìwé.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara rẹ? Ọmọ ńkọ́, ṣé eyín tí kò jẹ́ kó sùn ti yọ tán? Bàbá rẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti rọlẹ̀? Ẹ kú ìtọ́jú o, ẹ kú àìsùn. Ara tèmi wà níbẹ̀, tí o bá kàwé yìí dé ìsàlẹ̀ wàá mọ bó ṣe rí.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì nídìí máṣíìnì ìránṣọ mi. Mo mọ ẹni tó rán ọ níṣẹ́. Tísà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ló pè ọ́ lórí fóònù, tó sunkún sí ọ létí, tí o fi wá ń bẹ̀ mí pé kí n fọwọ́ wọ́nú, kí n gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo sì mọ̀ pé kò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ, òun tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé irọ́ ò dáa. Wàá ti rí i pé mi ò pè é ní "wọ́n" nínú lẹ́tà yìí. Kì í ṣe àṣìkọ. Mo ti gba ọ̀wọ̀ yẹn padà lọ́wọ́ rẹ̀.

O rántí pé nígbà tí mo lóyún àbíkẹ́yìn mi, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ga, bí tìẹ náà ṣe ga nínú oyún tí o bí yìí. Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà inú oyún ni. Iṣẹ́ abẹ ni mo fi bímọ, mi ò lè dìde, Tísà wá ń gbé ọ̀dọ̀ wa láti máa wẹ ọmọ, òun náà ló sì ń gbé fóònù mi. Kílíníìkì pè pé kí n wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ṣé o mọ ohun tó sọ fún wọn? Ó ní a ti kó lọ sí ìlú mìíràn, kí wọ́n má pè mọ́. Ó wá yíjú sí mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ti lọ, pé àìsàn oyún bá oyún lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi yìí, mo dúpẹ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í po tíì oníṣúgà fún mi láàárọ̀ lálẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì funfun, ó ní ẹ̀jẹ̀ tí mo sọ nù gbọ́dọ̀ padà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń jẹun bí ẹni tí ohunkóhun ò ṣe rí.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí ni mi ò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Mo rò pé iná yàrá ló ń ṣe bàìbàì, mo pààrọ̀ gílóòbù, ibì kan náà la wà. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mò ń tọ̀ ṣáá. Ọjọ́ tí mo rán kọ́là oníbàárà kan sódì ni mo gbéra lọ sí kílíníìkì. Nọ́ọ̀sì àgbà gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó tú fáìlì mi àtijọ́, ó wá bi mí ìgbà tí a dé láti ìlú tí a kó lọ. Mo ní ìlú wo? Ó yí fáìlì sí mi. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, pé ẹ̀gbọ́n ọkọ ló gbé fóònù. Àbúrò mi, mo ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ojú ewé yẹn fún mi.

Èsì jáde lọ́jọ́ kejì. Ìtọ̀ ṣúgà gidi ni, èyí tí kì í bá oyún lọ. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé obìnrin tó bá ti ní i nínú oyún, ó lè padà wọ̀ ọ́ lára lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kódà kí nǹkan kan má ṣe é. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn ìbímọ, tí wọ́n sì ń tún un yẹ̀ wò lọ́dọọdún tàbí ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ó ní ká ní mo tètè wá ni, tí mo ń ṣọ́ ẹnu, tí mo ń rìn dáadáa, bóyá ì bá má tíì dé. Bóyá yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Mi ò sọ pé Tísà ló fún mi láìsàn, àmọ́ òun ló ti ilẹ̀kùn tí mi ò bá gbà sá.

Mo délé, mi ò pariwo. Ilé ìdáná ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Èmi ni mò ń se oúnjẹ ilé yìí, Tísà tó ṣì ń gbé ọ̀dọ̀ wa ò sì lè ṣe kó má fẹnu kan nǹkan dídùn. Mo kó ṣúgà, bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀ dà nù níṣojú ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀wà ni, ẹ̀fọ́ ni, ẹja ni, ìrẹsì ò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Tó bá fẹ́ tíì, tíì lásán. Mo ní kó mu ún kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà. Ohun tó wá bí mi nínú ni pé ṣe lara ẹ̀ ń yá sí i. Orúnkún tó ń dùn ún ti ń rọ̀ ọ́, àwọn aládùúgbò ń sọ pé ó ń kéré sí i lọ́jọ́ orí. Èmi yìí kan náà ni mo jókòó tí mò ń dín ìbàdí búláùsì rẹ̀ kù. Ìyà tí mo fi ń jẹ ẹ́ di oògùn sí i lára, ṣé o rí ayé mi?

Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù tó kọjá, mo pe ọkọ mi jókòó, mo fi ìwé èsì àti ẹ̀dà ojú ewé fáìlì náà lé Tísà lọ́wọ́. Mo ní kó kà á sókè, ṣebí tísà ni. Ó kà á dé ibi fóònù, ó fẹ́ ká ìwé náà. Mo ní kó máa bá a lọ. Nígbà tó kà á tán, ó kúnlẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ kí ayé máa pe ìyàwó àbúrò òun ní aláìsàn ni. Ọkọ mi ní tí àgbà bá ti kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Mo ní kóun náà kúnlẹ̀ tì í, ká wò ó bóyá ṣúgà mi máa lọlẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Látìgbà yẹn mi ò kí i, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń gbà kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ àga.

Ó wá ku tìẹ. Nínú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ rẹ yẹn kan náà, o kọ ọ́ ní ìlà kan ṣoṣo pé ìwọ náà ò tíì lọ fún àyẹ̀wò, pé ọmọ ò jẹ́, pé ọ́fíìsì ò jẹ́, pé ara rẹ le. Ọmọ ti pé oṣù mẹ́jọ. Tèmi, irọ́ ni wọ́n fi dí mi lọ́nà. Ìwọ ńkọ́, ta ló dí ọ? Ta ni kí n bínú sí lórí tìẹ?

Nítorí náà, mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ, ohun tí mo máa gbà nìyí. Lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, kí o fi ìwé èsì ránṣẹ́ sí mi. Ìwé ni mo fẹ́ rí, mi ò fẹ́ ìtàn. Ì báà ga, ì báà lọlẹ̀, ọjọ́ tó bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni Tísà máa gbọ́ ẹ káàárọ̀ lẹ́nu mi. Tí o ò bá lọ, a jọ máa gbé inú ilé yìí láìkíra títí ayé ni, ìwọ lo sì fà á.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi gbé ọmọ jó. Má pa fóònù rẹ o. Mo ti jẹ́ kí ọkọ mi sọ fún Tísà pé ọwọ́ rẹ lọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Á pè ọ́ lónìí, á pè ọ́ lọ́la, òun náà ni yóò máa fi ẹkún bẹ̀ ọ́ pé kí o jọ̀ọ́ lọ sí kílíníìkì.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í gba ẹ̀bẹ̀ lásán,
Ìyá Aránṣọ.